Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ ní Barakallahu

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bèèrè nígbà tí mo dé Kàdúná ni ibi tí omi wà. Wọ́n bu omi fún mi mu. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo sì tún bèèrè. Ọ̀gá Ràímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Tudun Wada, ló wá mọ̀ pé kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, odò ńlá wà, orúkọ ìlú gan-an ló ń jẹ́. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ ìsinmi. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Mo dúró lórí afárá, mo ń wo àwọn ọkùnrin tó ká ṣòkòtò sí orúnkún tí wọ́n ń rìn kọjá láàárín odò, àwọn mìíràn ń kó yanrìn sínú típà. Inú bí mi, bí ẹni pé ẹnì kan ló tàn mí jẹ. Mo padà sílé.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Ìdí-Àgbọn lorúkọ abúlé wa. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín méjèèjì, òun náà la sì ń pè ní ìlú. Pákó la fi ń kọ́lé níbẹ̀, orí òpó la sì ń gbé e lé kí omi lè ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ló ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ igi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òkun rìn wá sí tòsí ilé wa. Kò sẹ́ni tó pariwo. Òkun a máa bínú, a sì máa padà sí àyè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe mọ̀ ọ́n. Bàbá mi tú ilé náà palẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan, òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ rù ú lọ sẹ́yìn, wọ́n sì tún un tò. Ilé tó ṣeé tú, tó ṣeé rù, tó sì ṣeé tún tò: bí a ṣe ń bá òkun gbé nìyẹn. Nígbà tó kan ìṣó ìkẹyìn, bàbá mi fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní, “Òkun ò lè dé ibí.” Ìyá mi tó ń yan ẹja lọ́wọ́ gbójú sókè wò ó, kò fèsì. Bàbá mi kú kó tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa já sí.

Kò sí àṣírí kankan nínú ìdí tí mo fi kúrò nílé. Ẹja ti sá lọ sí ibi tó jìn, ẹni tí kò sì rí ẹja pa kì í kan ọkọ̀ tuntun. Mo jókòó ti irinṣẹ́ bàbá mi títí ó fi sú mi. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ pé àwọn káfíńtà ń rówó ní òkè ọya, mi ò bi í léèrè bó ṣe jìnnà tó.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo kàn ní Kàdúná, nítorí pé títí dòní, Ọ̀gá Ràímì kò tíì dẹ́kun rírán mi létí rẹ̀. Níbi tí mo ti wá, pákó tútù la fi ń ṣiṣẹ́. Inú omi ni yóò gbé, omi ni yóò máa mu, kí ló fẹ́ mú un gbẹ? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kan ilẹ̀kùn fún Alájì kan, pákó kan pákó, abẹ́rẹ́ ò lè kọjá. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan, Alájì yìí ru ilẹ̀kùn rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e dúró láàárín èmi àti òun, ó na ọwọ́ rẹ̀ gba àárín pákó méjì kọjá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

“Sannu, kafinta,” ó kí mi.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. “Ará òkun! Ó rò pé Kàdúná náà yóò rì ni!” Ojú tì mí. Mo tún ilẹ̀kùn náà kàn lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá pákó sí oòrùn títí yóò fi gbàgbé omi pátápátá.

Mo ti rò pé àárín Yorùbá ẹgbẹ́ mi ni mò ń bọ̀. Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́, ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ẹlòmíràn nínú wọn ò sì mọ ibòmíràn ju Kàdúná lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe ọmọ ní “ọma,” tí mo pe ilé ní “uli,” wọn á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi dìnú mú. Wọn á ní kí n tún un sọ. Àwọn Hausa ń pè mí ní Bàyéràbé, ìyẹn ọmọ Yorùbá, bíi tàwọn yòókù, àwọn Yorùbá ń pè mí ní ará òkun. Mo wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń yan ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni ń yan egungun ẹja.

Ara mi ò lélẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo ń kó láti yàrá kan sí òmíràn, èyí gbóná jù, èyí dákẹ́ jù. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń yọ mí lẹ́nu jù lọ. Ẹni tí wọ́n bí sétí òkun kì í mọ̀ pé òun ń gbọ́ nǹkan kan, àfìgbà tí kò bá gbọ́ ọ mọ́. Mo gbé Rísìkátù níyàwó, a bí Ayọ̀, mo ra ilẹ̀ kékeré kan ní Barakallahu, síbẹ̀ mo máa ń jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè sọ èyí fún ni Sàní, ọmọ Hausa tó ń já pákó nínú ọkọ̀ ńláńlá ní ìsọ̀ onípákó lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù wa. Yorùbá rẹ̀ ò gún, Hausa tèmi náà ò gún, àárín méjèèjì la ti ń pàdé. Apá Kàtsínà lókè lọ́hùn-ún ni abúlé wọn wà. Ó ní bàbá òun gbẹ́ kànga, yanrìn dí i. Ó gbẹ́ òmíràn, yanrìn dí ìyẹn náà, ó sì ń gun ògiri ilé bọ̀. Níkẹyìn, bàbá rẹ̀ di ẹrù, ó yíjú sí yanrìn, ó ní, “To, mun bar maka.” Ìyẹn ni pé ó dáa, a ti fi í sílẹ̀ fún ọ.

“Tiyín omi, tiwa yashi,” Sàní máa ń wí, yanrìn ló ń pè bẹ́ẹ̀. “Kafinta, wàláhì, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.”

*

Ìyá mi ò ní tẹlifóònù, kò sẹ́ni tó ní in ní Ìdí-Àgbọn. Ohun tí a ń ṣe ni pé lóṣooṣù, nígbà tó bá kó ẹja gbígbẹ wá sọ́jà Ìgbọ́kọ̀dá, á lọ jókòó sí ilé ìpè kan níbẹ̀, èmi náà á lọ tò sórí ìlà ní ilé ìpè Kabala Doki, n ó sì pè é. Ó máa ń pariwo sínú fóònù, nítorí ó gbà pé Kàdúná jìnnà.

“Ọma mi! Ṣé o ń jẹun?”

“Mò ń jẹun, Ìyá. Ilé ńkọ́?”

“Ilé wà. Àwọn àgbọn ló ń ṣubú.”

Bí ẹni ń sọ iye ẹja lọ́jà ló ṣe sọ ọ́. Àwọn àgbọn tí wọ́n fi sọ abúlé wa lórúkọ, tí mo gùn lọ́mọdé, tí wọ́n fi nà mí nítorí pé mo gùn wọ́n. Mo bèèrè àwọn tó ti ṣubú. Ó kà wọ́n fún mi, àgbọn ìdí ilé lágbájá, àgbọn ẹ̀bá ibi tí a ti ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ń fi ọkàn tẹ̀lé e láti etí omi bọ̀ wá sílé. Nígbà tó dákẹ́, mo rí i pé ìlà àgbọn kan ló kù tó dá ilé wa àti òkun sí méjì.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ.”

“Lọ síbo?”

“Ìsàlẹ̀.”

Mo jáde kúrò ní ilé ìpè náà, mi ò mọ ibi tí mo ń lọ. Mo rìn gba gbogbo Kabala Doki, àwọn èèyàn ń ra búrẹ́dì, wọ́n ń pe ọmọ, wọ́n ń fọ ọkọ̀. Ó ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fẹ́ dá ẹnì kan dúró kí n sọ fún un pé òkun ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ìyá mi ló sì kàn.

*

Ọ̀gá Ràímì ní rédíò kan tó so mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní Hausa, Sàní sì gbé pákó èjìká rẹ̀ kalẹ̀ láti gbọ́ dáadáa. Ó tú u fún mi. Àwọn onímọ̀ ní èéfín ọkọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ jù lójú sánmà, ayé ń gbóná nítorí rẹ̀. Yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun ayé ń yọ́ sínú òkun. Omi òkun fúnra rẹ̀ náà ń gbóná, ohun tó bá sì gbóná a máa wú. Ẹja ń sá kúrò níbi tí wọ́n ti máa ń wà. Ó ní wọ́n sọ pé ẹni tó bá ń gbé létí òkun, kó múra sílẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìbínú òkun ni a ń pè é, nítorí pé ohun tó bá bínú, inú rẹ̀ ṣì lè rọ̀. Èyí tí Sàní ń sọ yìí kì í ṣe ìbínú. Àwọn kan nílé máa ń sọ pé àwọn tó ń wa epo, tí wọ́n la ọ̀nà omi gba inú ilẹ̀ wa, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bóyá àwọn náà pẹ̀lú. Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé òkun ò ní padà sí àyè rẹ̀ mọ́, ìyá mi sì jókòó níwájú rẹ̀, ó ń retí kó padà.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa máa ń jókòó nínú kíláàsì kan ní Kabala Doki, a ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wa ń kan àgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la sábà máa ń sọ. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, ayé tó ń gbóná, yìnyín, àgbọn, ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní mò ń fẹ́ ìmọ̀ràn.

Baba Alága wa, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, “Ọmọ mi, Ọlọ́run ti fi ààlà sí òkun. Kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.” Ààfáà mọ́ṣáláṣí ní bẹ́ẹ̀ ni. Díkínì náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò rí ọjọ́ mìíràn tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí nǹkan kan.

“Ṣùgbọ́n ó ti kọjá rẹ̀, Baba,” mo ní. “Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lábẹ́ rẹ̀.”

Ọ̀gá Ràímì gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. “Ilé pákó lẹ ń kọ́, ẹ wá ń dá òkun lẹ́bi! Ilé pákó kì í ṣe ilé, àpótí ni. Gbogbo wa tó wà níbí, kò sẹ́ni tí kò kọ́ ilé alápá sílé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kọ́ ilé alápá fún ìyá rẹ, òkun kì í jẹ síméńtì.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Lóòótọ́ ni wọ́n ń kọ́lé. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Tudun Wada ní ilé onífèrèsé márùndínlọ́gbọ̀n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kì í gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín ní ìlú onílùú. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Wọn ò sọ ohun tí onílé yóò ṣe bí ilé bá ṣáájú rẹ̀ lọ.

Rísìkátù ò fẹ́ gbọ́. Tudun Wada ni wọ́n bí i sí, Hausa ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Síméńtì tí a fẹ́ fi kọ́ yàrá méjì sórí ilẹ̀ Barakallahu ni mo fẹ́ kó lọ sétí òkun.

“Haba, Baba Ayọ̀! Òkun tí mi ò fojú rí rí, òun ló fẹ́ gba síméńtì mi?”

“Ìyá mi ni.”

“Ẹ ní kí Ìyá máa bọ̀ níbí. Ṣé mo lé wọn ni?”

*

Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo fẹ́ kọ́ ilé alápá fún un.

“Níbo?” ó ní.

“Níbẹ̀, nílé.”

“Ọma mi, ilé alápá ò ṣeé rù. Bó bá dé, kí la fẹ́ tú?”

“Ẹ máa bọ̀ ní Kàdúná nígbà náà, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Kí n wá jókòó sínú ilé ta?”

“Ilé tèmi.”

“Yàrá tí ìwọ àti ìyàwó rẹ àti ọmọ ń sùn sí? Bàbá rẹ kọ́lé fún mi. Mi ò fi í sílẹ̀ fún omi kí n wá máa sùn lẹ́sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni.” Ó sì yí ọ̀rọ̀ padà, ó ń bèèrè bóyá ikọ́ Ayọ̀ ti lọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò wá sí ilé ìpè. Mo pè, mo tún pè. Ọkùnrin tó ni ilé ìpè náà ní òun ò rí ẹnikẹ́ni láti Ìdí-Àgbọn lọ́jà. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òkun ń ru.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dúró lójú kan. Mo gé pákó kan kúrú, mo gé òmíràn kúrú láti fi rọ́pò rẹ̀. Mo bá Rísì jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Bí ọkọ̀ onípákó bá ti Òkìtìpupa dé, n ó lọ gbóòórùn ẹrù rẹ̀, n ó bi àwọn dírẹ́bà bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Wọn á ní igi ni àwọn ń rù, àwọn kì í ru ìròyìn. Ọ̀gá Ràímì gba ayùn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sinmi kí n má baà gé ìka mi. Mo ti di báàgì mi nílẹ̀, mo fẹ́ gba ilé lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ni mo gbọ́ ohùn Sàní tó ń sáré bọ̀.

“Kafinta, zo! Ga wata tsohuwa a kan katako!”

Arúgbó kan wà lórí pákó. Mo sáré. Ìyá mi ló jókòó lókè ọkọ̀ náà, tòun ti aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ti pọ́n fún eruku, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì di pákó mú lọ́tùn-ún lósì. Iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà ló jókòó sí wá, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe dúró nísọ̀, ó ti gun òkè kí ẹnikẹ́ni má baà dá iye lé ẹrù rẹ̀. Láàárín àwọn pákó tuntun pupa, tiwa dúdú fún èéfín ẹja. Mo dá wọn mọ̀ kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀ dáadáa.

“Ìyá! Kí lẹ ń ṣe?”

“Mo gbé ilé wá,” ó ní.

Omi ti dé àkàsọ̀ ilé, ó ń wọlé ó ń jáde. Àwọn àbúrò bàbá mi tú ilé náà fún un, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o dé Ìgbọ́kọ̀dá. Àwọn yòókù gba òdìkejì ọ̀sà lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá wọn lọ.

“Gbogbo wọn sún sẹ́yìn díẹ̀,” ó ní. “Èmi ti sún sẹ́yìn díẹ̀ rí. Mo ní kí n sún sẹ́yìn dáadáa.”

Rísì sáré dé, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó wo pákó, ó wò mí, ojú rẹ̀ ń bèèrè síméńtì. Ìyá mi rí i. “Ìyàwó mi, dìde. Síméńtì rẹ ṣì wà. Ilé yìí ò mọ síméńtì.”

*

A tò ó sórí ilẹ̀ wa ní Barakallahu, èmi àti Sàní àti Ọ̀gá Ràímì, tó ní òun kàn wá wò ni, ṣùgbọ́n tó mú òòlù lọ́wọ́. Lójú ìkángun pákó kọ̀ọ̀kan ni mo ti rí àmì tí bàbá mi fi àáké ṣá sí i, kó lè mọ èyí tó tẹ̀ lé èyí nígbà tó bá tún un tò. Mo ti gbàgbé àwọn àmì náà. Mo fọwọ́ rá wọn, mo ń tò wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, mo sì sunkún níṣojú ọ̀gá mi. Ọ̀gá Ràímì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan òpó, ó ní kí a gé wọn. “Ilẹ̀ gbígbẹ rèé, Ìyá. Kí ni ilé fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?”

“Ta ló ń gé ẹsẹ̀ ilé?” ìyá mi ní. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé Ìlàjẹ kan ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ láàárín ilẹ̀ pupa, níbi tí òjò gan-an ti ń wọ́n. Ọmọ àdúgbò, àgbà àdúgbò, gbogbo wọn ló wá wò ó. Wọ́n sọ ọ́ ní gidan ruwa, ilé omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ táwọn ewúrẹ́ fi dé. Wọ́n dúró yí àwọn òpó ká, wọ́n ń lá wọn. A lé wọn, wọ́n padà wá. Àwọn màlúù Fúlàní tó ń kọjá náà yà, wọ́n na ahọ́n sí ara ilé ìyá mi, darandaran wọn ń pariwo, wọn ò gbọ́.

Sàní fi ìka ra òpó, ó fi kan ẹnu. Ojú rẹ̀ là.

“Gishiri!” ó ní. “Iyọ̀ ni! Ikon Allah! Kafinta, òkun wà nínú igi yìí.”

Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, Sàní á ní kó lọ lá òpó. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó gbé iyọ̀ dé inú ilé, àwa náà ń ṣàlàyé. Baba Alága wá lọ́jọ́ ìsinmi kan tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ààlà mọ́. Ó gun àkàsọ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó kí i kú ìrọ́jú, ó sì gbọ́ ìtàn àgbọn àti ti ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dìde kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo ra ilẹ̀ lọ.

Mo rò pé ara mi máa lélẹ̀ báyìí. Ìyá mi wà nítòsí, òórùn ilé wa wà nítòsí, mo lè fọwọ́ kan ògiri tí mo fi dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, pákó tó ti mu omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Eruku ń wọlé. Ìyá mi ń fi àkísà dí àárín wọn, èmi náà ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, ìbòmíràn á tún là. Ilé náà ń kọ́ Kàdúná bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo sì rí i pé ojú ọ̀nà ni mo kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi máa ń gbé àpótí rẹ̀ lọ, á kọjú sí gúúsù, á máa wò ó.

Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò náà gbọ́ ti àwọn ewúrẹ́, ó sì kó kíláàsì rẹ̀ wá. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ilé, wọ́n kún àárín òpó. Ìyá mi sọ̀rọ̀ ní èdè wa, mo yí i sí Yorùbá tó yé tíṣà, tíṣà yí i sí Hausa tó yé àwọn ọmọ. Ìyá mi sọ fún wọn nípa èéfín, nípa ayé tó ń gbóná, nípa òkun tó ń wú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tó wé gèlè funfun nawọ́ sókè. Ó bèèrè bóyá òkun náà ń bọ̀ ní Barakallahu.

Mo rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀, ó sì ṣe mí láàánú. Ó yẹ kí ẹnì kan fọkàn ọmọ balẹ̀. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ kó lè rí bí ilẹ̀ ṣe le tó.

“Rárá,” mo ní. “Òkun ò lè dé ibí.”

Tíṣà yí i sí Hausa, àwọn ọmọ mí kanlẹ̀, wọ́n tò sórí ìlà, wọ́n lọ. Ìyá mi ò tíì kúrò lórí àkàsọ̀. Ó ń wò mí gẹ́gẹ́ bó ṣe gbójú sókè níbi tó ti ń yan ẹja nígbà náà lọ́hùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fèsì.

“Bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn,” ó ní, “pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn.”

Ó wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná. Lẹ́yìn náà ni mo mú òòlù, mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ ilé, mo sì ń yẹ àwọn òpó náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.